Olùdásílẹ̀ Tí Ń Gbálẹ̀

Àtùpà páànù ni bàbá wọn ń ṣe. Agolo wàrà tí àwọn ènìyàn bá jù nù ni yóò ṣà jọ, yóò gé e, yóò fi òjé lẹ̀ ẹ́ pọ̀, yóò ki òwú sí i lẹ́nu, yóò sì tà á fún àwọn tí apá wọn kò ká èyí tó ní ìgò. Ọmọ méjì ló bí, obìnrin ṣíwájú, ọkùnrin tẹ̀ lé e. Obìnrin yìí mọ páànù gé kó tó mọ irun dì, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Àǹtí Páànù ládùúgbò. Òun ló pọn àbúrò rẹ̀, òun ló fọ ìdí fún un, nítorí ìyá wọn kò pẹ́ láyé.

Nígbà tí iná mànàmáná dé òpópónà wọn, iṣẹ́ bàbá kú, bàbá náà kò sì jẹ́ kó pẹ́ tó fi bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àbúrò lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fa wáyà sínú ilé. Ẹ̀gbọ́n jókòó ti páànù, ó ń lẹ garawa tó jò, ohun tó bá rí níbẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń jẹ. Bí àbúrò ti gba òmìnira báyìí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó rí ló fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ló pè é kó wá fa iná sí ṣọ́ọ̀bù òun.

"Iná tí o fà yìí ń ba ọjà mi jẹ́," ni aláṣọ wí. "Aṣọ pupa ń dà bí èyí tó ti ṣá. Tí oníbàárà bá fẹ́ rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, ìta ló ń gbé e lọ, àwọn kan ò sì padà wọlé mọ́."

Àbúrò délé, ó káwọ́ lérí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Dìde níbẹ̀ yẹn. Lọ ra gílóòbù gbọọrọ wá, èyí tó ń tàn funfun. Màá kọ́lé fún un." Ó gé páànù, ó tẹ̀ ẹ́ bí ọpọ́n tí wọ́n fi ń fún ẹran lómi, ó kun inú rẹ̀ ní ọ̀dà funfun, ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀. "Tí o bá gbé e kọ́ báyìí, iná ò ní gún ẹnikẹ́ni lójú. Orí aṣọ ni gbogbo ẹ̀ máa dà sí."

Aláṣọ tan iná náà, àwọ̀ aṣọ pupa sì yọ kedere. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹni tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ní òun náà fẹ́, onígbàjámọ̀ ti ní òun náà fẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú yàrá tí bàbá wọn kú sí, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí kan àti ọ̀dà funfun díẹ̀ nínú agolo. Ẹ fi ọkàn sí i dáadáa, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó máa sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, àbúrò kì í fi í pamọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í ni yóò dáhùn pé, "Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la dá a sílẹ̀. Àwọn ló ni ọpọlọ, èmi ni mo ni ẹnu." Àǹtí Páànù á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má bàa rí i pé inú òun ń dùn. Wọ́n kúrò ní yàrá, wọ́n gba ṣẹ́ẹ̀dì, wọ́n gba òṣìṣẹ́, òun ló sì kọ́ gbogbo wọn ní páànù títẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ kan ní kí wọ́n wá ṣe iná sí gbọ̀ngàn òun. Àkókò náà gan-an ni káfíńtà tó ń bá wọn kan àpótí ìkẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Àǹtí Páànù pé kí àwọn fẹ́ra.

"Jẹ́ kí n parí iṣẹ́ báǹkì ná," ni ó wí.

Wọ́n parí ti báǹkì, ti ilé ìwòsàn dé. Wọ́n ń ṣe ti ilé ìwòsàn lọ́wọ́, ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Káfíńtà rí i pé iṣẹ́ tí òun ń dúró dè kò ní tán, ó gbé ẹlòmíràn níyàwó, ó sì ń bá wọn kan àpótí lọ ní tirẹ̀. Àǹtí Páànù sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó padà sídìí páànù. Ó dá a lójú pé ohun tí òun ń kọ́ ju ilé ọkọ lọ.

Iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn náà ló jẹ ìka rẹ̀. Àbúrò ra ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ kan tó ń tẹ páànù, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun tó ń dá a dúró ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ náà já lu ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n, ìka méjì lọ. Àbúrò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, ó fi dì í, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n bí ọmọdé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí mo bá gbàgbé èyí, kí Ọlọ́run gbàgbé mi." Ẹ̀gbọ́n ló tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, pé kó yé é gégùn-ún fún ara rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àbúrò gbéyàwó, arẹwà obìnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi pe Àǹtí Páànù sí kọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí wa, ẹ má bínú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń pe Ọ̀gá ní 'ìwọ'. Tí a bá wà nílé, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Níbi iṣẹ́, ẹ bá wa máa fi 'ẹ' sí i."

Àǹtí Páànù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tí òun pọ̀n? Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dán an wò, bí ẹni ń ṣeré. "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá," ló wí, ó sì dúró kí àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" Àbúrò ní, "Ẹ káàárọ̀," ó sì kọjá. Ó dun obìnrin náà dé egungun.

Bí ilé-iṣẹ́ náà ti ń ga ni ìtàn rẹ̀ ń kéré. Nígbà tí wọ́n kọ́ èyí tó ní ọgbà àti géètì, Ọ̀gá sọ fún àwọn àlejò pé òun àti mọ̀lẹ́bí òun kan tó ń ran òun lọ́wọ́ làwọn bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò lórí gílóòbù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iná pẹlẹbẹ tí kò ní ìgò nínú, mọ̀lẹ́bí náà ti pòórá. "Èmi nìkan," ló wí, "nínú yàrá kan, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí kan. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rọ kan gé ìka mi dànù." Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ìka márààrún pé pérépéré, àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún oríire rẹ̀. Àǹtí Páànù wà lẹ́yìn níbẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ dání. Ẹ̀rọ tuntun ti gba iṣẹ́ páànù lọ́wọ́ rẹ̀, Ọ̀gá sì ti ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa sinmi." Ìgbálẹ̀ ni ìsinmi náà.

Kò bínú, tàbí ká ní kò jẹ́ kí ara òun mọ̀. Ohun kan ló ń fọkàn sí: lọ́jọ́ kan, àbúrò òun máa dá òun padà sínú ìtàn yẹn, níṣojú gbogbo ènìyàn. Kò bèèrè ilé, kò bèèrè ọkọ̀. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù nípa bí ilé-iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, ó lọ bá Ọ̀gá nílé.

"Àbúrò mi, mi ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ rí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ ọ́."

"Nínú fíìmù yẹn, sọ pé èmi àti ìwọ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́."

Ọ̀gá wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí ló dé tí èmi á fi sọ ọ́? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa jókòó síwájú kámẹ́rà."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ bó ti ń lọ sílé. Ó ra gèlè tuntun, àwọn obìnrin tó ń di ẹrù níbi iṣẹ́ sì bá a wé e lọ́jọ́ tí ọjọ́ pé, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ lọ fẹ́ ọkọ. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ń gbé iná kọ́ sí fún oníbàárà ni wọ́n lò. Gbogbo òṣìṣẹ́ pé jọ. Wọ́n fi àga sí àárín fún un, ọmọkùnrin tó ń bójú tó ìpolówó ọjà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Màmá, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Ẹ kàn sọ pé, 'Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá dá nìkan bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì ń tọ́jú mi títí dòní.'"

Àǹtí Páànù wo àbúrò rẹ̀. Fóònù ni ìyẹn ń wò. Wọ́n tan kámẹ́rà. Ó tún ara rẹ̀ ṣe lórí àga, ó ní, "Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kọ́ nìyẹn." Ó wá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, aláṣọ, ọpọ́n páànù, ọ̀dà funfun. Ó na ọwọ́ òsì tó ku ìka mẹ́ta sókè. Ó rí káfíńtà láàárín èrò, irun rẹ̀ ti funfun, ó nàka sí i.

"Ẹ bi í. Ó wà níbẹ̀."

Káfíńtà wo Ọ̀gá, ó wo ilẹ̀. "Ó ti pẹ́ gan-an," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ìgbà yẹn ò yé mi dáadáa mọ́."

Ojú gbogbo wọn wá yí sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ká ní ó bínú ni, àwọn kan ì bá gba obìnrin náà gbọ́. Ẹ̀rín ló rín. "Ẹ má bínú," ló sọ fún àwọn oníkámẹ́rà. "Màmá yìí ti dàgbà, wọ́n ti ń ṣarán. Ìtàn tí mo bá ti sọ, wọ́n á ní àwọn ló ṣe é." Ó kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́. "Ẹ ṣáà ti gbọ́ o. Ẹ ti ní olùdásílẹ̀ mìíràn." Ilé gba ẹ̀rín. Àwọn tó bá a wé gèlè ni ẹ̀rín tiwọn lọ sókè jù, nítorí ọwọ́ Ọ̀gá ni oúnjẹ wọn wà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì rí irọ́ tó wọ mọ́tò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó ń ṣọ́ géètì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. "Olùdásílẹ̀, ẹ káàbọ̀ o." Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Olùdásílẹ̀, ọ̀dà dà sílẹ̀ níbí. Olùdásílẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti dí. Kò kọ́kọ́ dá wọn lóhùn. Dídákẹ́ rẹ̀ wá dùn mọ́ wọn ju èsì lọ, wọ́n á máa pè é títí, wọ́n á máa yí ohùn padà bíi ti Ọ̀gá. Nígbà tó yá, ó ń dáhùn, kó lè ráyè gbálẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun dé, wọ́n rò pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn, wọ́n ń pè é láìrẹ́rìn-ín. Tí àwọn yẹn bá pè é, ó ń dùn mọ́ ọn nínú díẹ̀, ojú sì ń tì í pé ó ń dùn.

Ó wá di ọjọ́ kan tí Ọ̀gá ń mú àwọn àlejò kiri, àwọn tó fẹ́ ra iná sí ilé ìtura ńlá kan. Pàǹtí páálí wà nílẹ̀ lójú ọ̀nà wọn. Ọ̀gá gbójú sókè, ó pè é.

"Olùdásílẹ̀, wá gbá ibí yìí."

Obìnrin kan láàárín àwọn àlejò dúró. "Kí lẹ pè wọ́n?"

"Inagijẹ ni," Ọ̀gá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó gbà pé òun ló dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ Àǹtí Páànù, ó wo ọwọ́ tó fi mú ìgbálẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. "Màmá, ṣé lóòótọ́ ni?"

Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò sẹ́ni tó bi í rí. Obìnrin náà ń dúró, kò sì kánjú. Àǹtí Páànù gbójú sókè, ó rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ti kó ẹ̀rín sẹ́nu, tí wọ́n ń retí kó yanu. Ó rí àbúrò rẹ̀. Ọrùn ìyẹn ti le gan, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀, rárá, rárá.

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Mà," ni Àǹtí Páànù wí. "Wọ́n ń fi mí ṣeré ni. Èmi ò dá nǹkan kan sílẹ̀."

"O ṣeun," ni àbúrò rẹ̀ wí fún un, ó sì mú àwọn àlejò lọ wo ibi tí wọ́n ti ń dán iná wò.