Àmín Tí A Ṣe ní Ìkòsí

Ìjọba alágbádá ti lo sáà kan tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ èkejì, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ayé, tí àwọn ọmọbìnrin ń jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìkòròdú, tí wọ́n ń ta ìpè. Tísà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kétu, èmi sì ni mò ń ṣe kòkáárí àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ olùkọ́ ní agbègbè wa. Ẹ̀yin ọmọ òde òní máa ń bi mí bí a ṣe pàdánù àbá òfin àkọ́kọ́. Ẹ rò pé owó ni wọ́n fi rà á, tàbí pé wọ́n kó tọ́ọ̀gì wá. Rárá o. Àdúrà ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wa.

Ohun tí àbá òfin náà sọ kò le rárá. Obìnrin tí ọkọ ń lù lè tọ adájọ́ lọ, kí adájọ́ sì pàṣẹ pé kí ọkùnrin náà jáde nílé títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́. Ó ti mọ́ wa lára pé bí ìjà bá dé, obìnrin ni yóò pọn ọmọ, tí yóò di ẹrù, tí yóò sá jáde, ẹni tó luni á sì jókòó sórí àga máa jẹun. Ìyẹn ni a fẹ́ yí padà.

Rísíkátù ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró. Oníṣu ni ní ọjà Mile 12, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì wà ní kíláàsì mi. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà. Níta, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Bó bá wọlé, ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju ẹnu lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Rísíkátù mú àwọn ọmọ wá sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú.

“Mo ṣubú ni, Mummy Tísà,” ló wí.

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. “Rísí, ilẹ̀ wo ló ní ìka?”

Ó bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá wa ṣe ìpàdé àbá òfin náà. Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn aṣòfin ń bọ̀ wá gbọ́ tẹnu ará ìlú nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìkòsí, mo ní kó wá sọ ti ẹnu rẹ̀.

“Màá sọ̀rọ̀,” ló wí. “Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́ tán, tí òfin yẹn ò wá jáde ńkọ́? Ilé kan náà ni màá padà sí o.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ní àkókò yìí kan náà ni àwọn lọ́yà onígbàgbọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Kétu. Inú ẹ́sítéètì onígéètì kan ní Gbàgádà ni ọ́fíìsì wọn wà. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, aṣọ wọn máa ń dán gbinrin, wọ́n sì mọ èèyàn í kí. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á tẹ́ tábìlì sí ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n á máa gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣe oore. Wọ́n gba ọmọ tí ọlọ́pàá kó láìṣẹ̀ sílẹ̀, wọ́n bá opó kan gba yàrá rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn àna rẹ̀. Gbogbo Kétu ń súre fún wọn.

Ara tèmi ò gbà wọ́n. Ẹ má rò pé aláìgbàgbọ́ ló ń sọ̀rọ̀ o. Akọrin ni mí nínú ìjọ mi di òní olónìí. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti ń pariwo àbá òfin yìí kiri kò tíì ka ìdajì rẹ̀, àwọn lọ́yà yìí ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n sì ti mọ aṣòfin tó ń fi í falẹ̀ àti èyí tó ń ṣiyè méjì. Bí wọ́n bá sì ti yanjú ọ̀rọ̀ ẹnì kan tán, wọ́n á bi í léèrè bóyá ó ń lọ sí ìpàdé Mummy Tísà, àti ohun tí à ń sọ níbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Tímótì lorúkọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wọn. Mo ká a mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Sátidé kan.

“Lọ́yà, wọ́n ní ẹ̀ ń sọ fáwọn èèyàn pé òfin yìí máa jẹ́ kí ọkùnrin fẹ́ ọkùnrin.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ah, Mummy, a ò sọ bẹ́ẹ̀. A ní ibẹ̀ ló máa já sí.”

“Ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí nínú rẹ̀?”

“Kò sí nínú rẹ̀ for now, Mà. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ níbòmíì náà nìyẹn.”

“Níbòmíì wo? Ṣé Agboyi ni àbí Ìkòròdú?”

“Òkè òkun, Mà. Àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún ti kìlọ̀ fún wa.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sílé. Ta ni àwọn ará tó wà lọ́hùn-ún? Kí ló kan wọ́n nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ Rísíkátù? Iná ń jó nílé ẹlòmíràn, àwọn èèyàn wá ń tú òrùlé tiwa.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Àwọn oníṣu tẹ̀ lé Rísíkátù wá láti Mile 12, híjáàbù àti gèlè kún gbọ̀ngàn náà. Ẹ̀yin náà mọ ìṣe wa ní Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa: ìpàdé tí wọn ò bá fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Onígbàgbọ́ kan á gbà á, Mùsùlùmí kan á gbà á, gbogbo ilé á sì máa ṣe Àmín. Àmín yẹn kì í dúró de etí. Bí ohùn ẹni tó ń gbàdúrà bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti jáde lẹ́nu wa. Ọnarébù tó jẹ́ alága kò tíì béèrè ẹni tí yóò gbàdúrà tán tí Tímótì ti wà ní ìdúró.

“Olúwa, bù kún ìpàdé yìí.”

“Àmín!”

“Gbogbo ìyá tó wà níbí, kí ilé wọn má tú.”

“Àmín!” Ti ibí yìí mi gbọ̀ngàn.

“Kí baálé má fi ilé sílẹ̀.”

“Àmín!”

“Òfin yòówù tó bá fẹ́ lé baálé jáde nínú ilé rẹ̀, Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó dúró.”

“Àmín!”

Etí mi ta. Mo wẹ̀yìn, gbogbo wọn dijú, wọ́n tẹ́wọ́. Baba àgbàlagbà kan gba ti Mùsùlùmí, ó ṣe é ní ṣókí. Ọnarébù wá ní kí àwọn lọ́yà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ọnarébù, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀,” ni Tímótì wí. “Ẹ ti gbọ́ àwọn ìyá Kòsọ́fẹ́ fúnra wọn. Wọn ò fẹ́ òfin tó máa lé baálé jáde. Kò sẹ́ni tó fipá gba Àmín lẹ́nu wọn.”

Inú bí mi. Mo dìde. “Ọnarébù, àdúrà kọ́ ni ẹ̀rí!”

“Ẹ rọra, Mà,” ni Tímótì wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. “Ṣé ohun tí ẹ̀ ń sọ ni pé àwọn ìyá wa ò mọ ohun tí wọ́n ń gbàdúrà fún?”

Ó há mi mọ́gun. Bí mo bá ní wọn ò mọ̀ ọ́n, mo bú wọn. Bí mo bá ní wọ́n mọ̀ ọ́n, ó ti parí. Mo yíjú sí àwọn oníṣu pé kí wọ́n sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n ní kì í ṣe bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn fà mí láṣọ, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́:

“Aunty, wọn kì í dá Àmín padà o. Ṣé kí n wá sọ fún Ọlọ́run pé kí ilé mi tú?”

Rísíkátù nìkan ló dìde.

“Ẹ̀yin Ọnarébù, èmi náà ṣe Àmín,” ló wí. “Mo ní kí ilé mi má tú. Ẹ bá mi bi Lọ́yà, ta ló ń tú u? Ṣé èmi tí wọ́n ń lù ni, àbí ẹni tó ń lù mí?”

Gbogbo ilé yíjú sí Tímótì. Mo rò pé a ti gbà á padà. Tímótì rìn lọ bá a, ó tẹrí ba díẹ̀.

“Sister, ẹ pẹ̀lẹ́. A máa bá yín pe ọkọ yín, ká jọ jókòó, kó lè yanjú. Kò tíì tó ohun tí à ń gbé lọ kóòtù.”

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn aṣòfin mú àbá òfin náà jáde padà, wọ́n ti yọ ibi tó ní kí ọkùnrin jáde nílé kúrò. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, pé kí tọkọtaya kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀, àfáà tàbí àgbà ilé fún ìpẹ̀tùsíjà. Níkẹyìn, kódà èyí náà kò di òfin.

Àwọn lọ́yà mú ìlérí wọn ṣẹ. Wọ́n pe ọkọ Rísíkátù, ó dọ̀bálẹ̀, ó búra. Wọ́n ya tọkọtaya náà ní fọ́tò, mo sì gbọ́ pé wọ́n ń fi í han àwọn àlejò wọn pé ìdílé tí àwọn tún ṣe nìyí. Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tí ọkùnrin náà fi gbá a létí òsì, pé ó dójú ti òun níwájú Ọnarébù. Etí náà kò gbọ́ nǹkan mọ́ láti ìgbà náà.

Ó wọkọ̀ lọ sí Gbàgádà. Ó pẹ́ nídìí géètì kí Tímótì tó jáde. “Sister, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà,” ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Mo ní, Lọ́yà, etí mi ò gbọ́ mọ́,” ni Rísíkátù sọ fún mi. “Mo bá yíjú, mo kúrò níbẹ̀.”

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Agboyi ló kó àwọn ọmọ lọ. Ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ̀ wá sí ọjà láràárọ̀. Ẹni tó lù ú ń gbé ilé wọn lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, òfin mìíràn jáde, ó sì sàn ju tiwa lọ. Àwọn ọ̀dọ́ obìnrin lo gbogbo ohun tí ojú wa rí láti jà fún un, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kì í padà sẹ́yìn lọ la etí. Àwọn lọ́yà náà ò kógbá sílé. Wọ́n ti gbòòrò, wọ́n sì ti ń bá àwọn ńláńlá jókòó. Nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé àwọn kan ń bá wa dáàbò bo ìdílé, mo máa ń béèrè ìdílé ta ni. Kò sẹ́nikẹ́ni nínú wọn tó padà wá wo Rísíkátù. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Nínú ẹgbẹ́ wa, a ò pa àdúrà tì. A kàn gbé e lọ sí ìparí ìpàdé ni, lẹ́yìn tí kálukú bá ti sọ tẹnu rẹ̀. Rísíkátù wá síbi èyí tí a ṣe kẹ́yìn. Nígbà tí a fẹ́ túká, ọ̀dọ́kùnrin kan dìde láti gbàdúrà, Rísíkátù sì ṣí lórí àga kí etí ọ̀tún rẹ̀ lè kọjú sí i. Gbogbo wa ṣe Àmín. Òun kò ṣe é.

“Ọmọ mi, ẹ má bínú,” ló wí. “Ẹ tún un sọ. Kí lẹ ní ká ṣe Àmín sí?”

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rísíkátù gbọ́ ọ tán, ó ronú sí i díẹ̀, ó wá ṣe Àmín tirẹ̀, òun nìkan.