Ìbò tí Mo Dì Lòdì sí Ẹ̀rọ Ìyá Mi

Inú mi ń dùn ṣìnkìn láàárọ̀ Sátidé yẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn mí ní kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa ní Nasarawa Gwong ni mo ti sọ ọ́ di àṣà: bí a bá ti dìbò lórí òfin kan nílé ìgbìmọ̀, lọ́jọ́ Sátidé tó bá tẹ̀ lé e, màá gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa, màá sì ṣàlàyé fáwọn aráàdúgbò bí mo ṣe dìbò àti ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó wá bú mi lójú mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Òfin ariwo la dìbò lé lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tan ẹ̀rọ ìlọta ládùúgbò tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Ọjọ́ Ajé ni yóò bẹ̀rẹ̀. Mo dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló kàn lójú pópó wa. Èyí tó ń pariwo jù nínú wọn, ìyá mi ló ni ín.

Ẹ̀rọ yẹn ló tọ́ mi. Olùkọ́ ni bàbá mi, láti Èkìtì ni ìjọba ti gbé e wá sí Plateau níbí. Nígbà tó kú, ata àti ẹ̀wà tí ìyá mi ń lọ̀ fún onílé àti àlejò ló fi rán mi níwèé. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, síbẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun yí ẹ̀rọ náà.

Mi ò sọ fún un ṣáájú. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ẹnu oníbàárà ló ti gbọ́. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá síwájú pátápátá, ó sì ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà! Àwọn oníkẹ̀kẹ́ pàápàá dúró. Èdè Hausa ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ. Mo ní mo lọ jókòó sí kíláàsì kan nílé ẹ̀kọ́ tó kọjú sí wa, olùkọ́ ń la ẹnu, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọbìnrin kékeré kan sọ fún mi pé ẹnu olùkọ́ làwọn máa ń wò káwọn tó mọ ohun tó ń sọ. Mo tún ní èmi ni mo jà fún un kí wọ́n fi aago mẹ́fà sí mẹ́jọ sílẹ̀ fáwọn tó ń lọ ata àtàwọn tó ń dín àkàrà.

Ìyá mi nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Yorùbá ló sọ.

"Ọnọrébù." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "Ṣé ẹ̀rọ tèmi náà wà nínú òfin yín?"

Ọmọ Yorùbá tí a bá kọ́ nílé kì í wà lórí ìdúró dá ìyá rẹ̀ lóhùn irú ọ̀rọ̀ yẹn. Kí n tó mọ̀, orúnkún mi ti kanlẹ̀ nínú eruku.

Ni ariwo bá ta. "Ta tuba! Ta tuba!" Obìnrin tó ni ẹ̀rọ kejì ló ń ké bẹ́ẹ̀, pé mo ti ronú pìwà dà. Àwọn aláàkàrà ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀, pé mo ti kó ìbò mi jẹ.

"Haba!" Mo pariwo láti ilẹ̀, ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. "Ìyá mi ni mo kúnlẹ̀ fún o! Ìbò yẹn, mi ò kó o jẹ." Mo wá yíjú sí i, mo fi Yorùbá sọ ọ́. "Ó wà nínú ẹ̀, mà. Mo ṣẹ̀ yín pé mi ò kọ́kọ́ wá sọ fún yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ní ká dìbò lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni náà ni màá wí."

"Dìde," ni ìyá mi wí, "eruku ń ba aṣọ ẹ jẹ́." Ó gbé àpótí rẹ̀, ó wọlé. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó dùn mí wọra.

Lọ́jọ́ Ajé, bí aago mẹ́fà ṣe lù ni mo gbọ́ ẹ̀rọ náà. Mo sáré jáde nínú òtútù. Èrò ti tò. Ìyá mi ò wò mí. Ó kàn na korobá omi sí mi, mo gbà á, mo ń bomi sí ata bí mo ṣe máa ń ṣe ní kékeré, inú mi ń dùn débi pé mo ń kọrin.

Nígbà tí agogo ilé ẹ̀kọ́ dún láago mẹ́jọ, abọ́ ata kan ṣoṣo ló kù. Ìyá mi pa ẹ̀rọ.

"Mama, tèmi nìkan ló kù," oníbàárà náà bẹ̀ ẹ́. "Kò lè pẹ́."

"Padà wá láago méjì." Ìyá mi nuwọ́ sí ìró rẹ̀, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi. "Òfin ọmọ mi ni."

Pópó dákẹ́. Láti òdìkejì, a gbọ́ ohùn olùkọ́ ketekete.