Ìtì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Mo Kó Dànù

Kò sí ẹni tó mọ àdá lò tó mi láti Ìkẹ́rẹ́ dé Èmùré. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo tún ń sọ ọ́. Ìwé kẹrin ni mo ti jáwọ́ nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n fi mí sínú igbó láàárọ̀, kí oòrùn tó yí, wàá rí ilẹ̀. Àdá yẹn náà ló sì fa ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Nígbà tí bàbá wa kú, ó fi oko kòkó sílẹ̀ lọ́nà Ìṣẹ̀. Odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á sí méjì. Olórí ẹbí fún mi ní apá kan, ó fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní apá kejì. Ó ní àwọn ò fẹ́ kó pín bẹ́ẹ̀ títí láé, torí oko tí a bá ti pín, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́lé sí i. Kí kálukú fi ọdún méjì tọ́jú tirẹ̀. Ẹni tí apá tirẹ̀ bá so jù, gbogbo oko á bọ́ sí i lọ́wọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé lọ́gọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn ún. Nínú oko rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju kòkó lọ. Ibi tí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣubú sí, ibẹ̀ ni yóò jẹrà sí. Èèpo kòkó náà, abẹ́ igi ló ń dà á sí. Ewé gbígbẹ ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo bi í pé ṣé oko nìyí àbí ààtàn.

Tèmi, mo gbá a. Ìgbálẹ̀ gan-an ni mo fi gbá a. Mo gé gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo kó ìtì wọn jìnnà, mo dáná sun èèpo. Mo gbé páńpù oògùn kọ́ ẹ̀yìn, mo fọ́n igi láti ìdí dé ọrùn. Tanpẹ́pẹ́ tó ti ń jẹ mí láti kékeré kú bẹẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lódìkejì odò, ó ní kí n fi ìtì sílẹ̀ fún igi. Mo ní ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Mo tún pa òwe náà fún gbogbo ẹni tó bá yà wò mí lóko, torí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró lójú títì láti wo bí ilẹ̀ mi ṣe mọ́.

Ọdún kìíní, mo borí. Èso ti wà lórí igi kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìmọ́tótó, ṣùgbọ́n mi ò ro ìyẹn nígbà náà.

Ọdún kejì, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kòkó mi tanná. Òdòdó bo ara igi láti ìdí dé ẹ̀ka. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ó tún tan òmíràn, ìyẹn náà já. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Orí ìdúró ni mo ti ń jẹun. Màá lọ sóko láàárọ̀, màá padà wálé, kí n tó bọ́ bàtà, ọkàn mi á ti tún wà lóko. Mo bu omi sí i, mo tún fọ́n oògùn sí i. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni bí oko náà ṣe dákẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ò ké, kòkòrò kan ò kùn sí mi létí. Igi àti èmi nìkan la kù níbẹ̀.

Lódìkejì odò, kòkó ẹ̀gbọ́n mi ti ń so wẹrẹwẹrẹ.

Èrò burúkú wọlé sí mi lọ́kàn. Mo lọ bá a nílé. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Mi ò kí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rì sínú oko mi?”

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó dìde, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó ní ká máa lọ.

Nínú oko rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ta ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ti rà, ìtì náà là bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ìdin kéékèèké ń rìn nínú rẹ̀, ọ̀kùn ká jọ, ọ̀pọ̀lọ́ fò jáde. Àwọn eṣinṣin kan tó kéré ju kantíkantí lọ gbéra níbẹ̀ bí èéfín. Ó nawọ́ sí igi tó yí ìtì náà ká. Èso wà lára gbogbo wọn.

“Ibi tí ìtì bá jẹrà sí, ibẹ̀ ni kòkó ti í so. Bàbá ló fi hàn mí. Ìwọ wà lórí igi nígbà yẹn, ò ń pariwo pé kò sẹ́ni tó mọ igi gùn tó ọ.”

Mo bi í bóyá àwọn eṣinṣin yẹn ló ń mú un so. Ó ní òun ò bi wọ́n léèrè, ohun tí òun rí ni òun sọ. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí n tó gbọ́ ọ lórí rédíò pé àwọn gan-an ló ń gbé àtíkè òdòdó láti ara igi kan dé ara èkejì kí kòkó tó lè so, pé inú ohun tó bá jẹrà ni wọ́n ti ń pamọ. Èmi ni mo sun ilé wọn, mo tún fún àwọn fúnra wọn lóògùn jẹ.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ìtì díẹ̀.

“Kó o. Ṣùgbọ́n orí rẹ ni wàá fi rù ú. Ẹni tó fi ẹnu dà á nù, orí ni yóò fi gbé e padà.”

Odò ti kún, ojú títì ni mo gbà yí ká. Omi ìtì rírà ń ṣàn sí mi lọ́rùn. Ọlọ́kadà kan tẹ bíréèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti pọ́n àdá?”

Mo fi ọwọ́ di ìtì orí mi mú, mo ń lọ. Mo rù ú títí di ọjọ́ kẹrin.

Nígbà ìkórè, olórí ẹbí wá wo oko. Tèmi ní èso díẹ̀ tó pẹ́ so, tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Mo ti ṣètò irọ́ kalẹ̀ nínú mi, pé òjò ló fà á, pé àrùn ni. Ó bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fẹ̀sùn kan òun. Mo pa irọ́ náà tì.

“Àdá mi ló pa á,” ni mo wí.

Wọ́n fi gbogbo oko lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ó dúpẹ́, ó wá yíjú sí mi, ó ní òun ò lè gun igi mọ́, kí n wá síṣẹ́ lọ́la.

“Má gbé ìgbálẹ̀ wá o.”

Oko rẹ̀ ni mo ń ṣe títí di òní. Nígbà òdòdó, mo máa ń kúnlẹ̀ síbi igi láàárọ̀ kùtù, mo máa ń gbé ojú sún mọ́ ọn, kí n lè rí eṣinṣin yẹn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò tíì rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú mi tó ń rí ejò nínú ewé gbígbẹ, kò rí i. Ó ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́la, màá tún lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.