Jímọ̀ Tí A Ò Gòkè

Òórùn sìmẹ́ńtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa l'Ẹ́dẹ. Àsìkò òjò ni. Ilẹ̀ tutù, ara ògiri tutù, òórùn yẹn sì dà pọ̀ mọ́ ti ẹní tuntun tí wọ́n ká jọ sí igun kan. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo dé láti Òṣogbo, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ilé kíkọ́. Ìyá mi ò jẹ́ kí n gbé báàgì kalẹ̀ tán tó fi fà mí lọ́wọ́ pé kí n wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe fún àwọn obìnrin.

O mọ bó ṣe máa ń rí ní mọ́ṣáláṣí kékeré. Àwọn ọkùnrin a kún inú ilé, àwọn obìnrin a wà níta lábẹ́ páànù tó ń jò. Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá mi, tó jẹ́ olórí wọn, fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá ibi tí àwọn yóò ti máa kírun tí òjò ò ní máa pa àwọn. Nígbà tó yá, wọ́n da dẹ́kìn kan, ìyẹn àjà oníkọnkéré, fún wọn nínú mọ́ṣáláṣí. Ó yọ jáde lára ògiri ẹ̀yìn bí ìgbà tí èèyàn na ọwọ́ síwájú, kò sì sí òpó kankan lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni àwọn bàbá arúgbó máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Jímọ̀, ni àwọn obìnrin yóò kọ́kọ́ gòkè.

"Ó rẹwà, àbí kò rẹwà?" ìyá mi bi mí.

Ó rẹwà lóòótọ́. Mo bi ìyá mi pé ìgbà wo ni wọ́n dà á. Wọ́n ní kò tíì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Àwọn igi tí wọ́n fi gbé e dúró ńkọ́? Wọ́n ní káfíńtà ti wá kó wọn lọ lánàá, iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é ní Sẹ́kọ̀nà. Dẹ́kìn tó yọ jáde báyẹn, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni. Èèyàn kì í tètè jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Mo gòkè lọ. Níbi tí dẹ́kìn ti pàdé ògiri, mo rí i tó sán, ó tín-ín-rín bí irun orí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó sán ló ń wó. Sìmẹ́ńtì a máa sán bó bá ti ń gbẹ, bí mo bá sì ń pariwo lórí gbogbo sísán tí mo rí l'Ẹ́dẹ, kò ní sí ilé tí ẹnikẹ́ni yóò sùn. Kò sí ìwé tó lè sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ irú èyí tó jẹ́. Mo yọ pẹ́ńsùlù, mo fi fàmì kékeré dábùú ibi tí sísán náà parí sí. Mi ò sọ nǹkan kan fún ìyá mi. Wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ díwọ̀n ibi tí ẹní kọ̀ọ̀kan yóò dé.

Láàárọ̀ Jímọ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, mo padà síbẹ̀. Sísán náà ti kọjá àmì mi, ó ti fi bí oríkèé ìka kan gùn sí i. Ó ń rìn, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí èrò kankan lórí rẹ̀.

Mo lè lọ bá lèmọ́mù tààrà. Ṣùgbọ́n bàbá bíríkìlà tó da dẹ́kìn náà ló kọ́ ilé tí wọ́n bí mi sí, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí Ọlọ́run. Bí mo bá pariwo rẹ̀ láàárín èrò, orúkọ tí bàbá ti ń kọ́ láti ìgbà èwe wọn ni yóò kọ́kọ́ wó. Mo bá bàbá níwájú ilé wọn níbi tí wọ́n ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹnjiníà wa! Ìgbà wo lo dé?"

"Àná ni, bàbá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wo nǹkan kan lórí dẹ́kìn yẹn."

Ojú wọn yí padà. "Mo ti ń da dẹ́kìn kí wọ́n tó bí ẹ. Èwo ló wó rí?"

"Kò sí, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín. Ẹ ṣáà wá wò ó, ohun tẹ́ ẹ bá sọ la ó ṣe."

Irọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan, ilé lèmọ́mù ni mo ń lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n dìde, wọ́n tẹ̀ lé mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí dẹ́kìn, wọ́n fi èékánná tọ sísán náà títí ó fi kọjá àmì pẹ́ńsùlù, ọwọ́ wọn sì dúró.

"Àná lo fàmì yìí?"

"Àná ìrọ̀lẹ́ ni, sà."

Bàbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fẹsẹ̀ tẹ irin mọ́lẹ̀ nígbà tí à ń dà á. Òjò ń ṣú, à ń kánjú. Mo rí wọn."

Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Irú dẹ́kìn bẹ́ẹ̀, apá òkè ni irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, nítorí apá òkè ni ẹrù ti ń fà á ya. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ sísàlẹ̀, ó dà bí ẹni tó so okùn mọ́ ìdí àpò, tó fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Bàbá ránṣẹ́ wá ọparun àti igi láti fi gbé dẹ́kìn náà dúró, àwọn fúnra wọn ló sì ń fi èèkù àdá gbá pákó sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan títí gbogbo rẹ̀ fi le dáadáa. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin dé nínú aṣọ funfun, bàbá ló lọ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ foríjì mí. Ẹ má gòkè lónìí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, kò tíì dáa tó."

Òjò rọ̀ kí lèmọ́mù tó parí wáàsí. Mo wà lábẹ́ páànù tó ń jò pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo ń wo bí aṣọ ìyá mi ṣe ń lẹ̀ mọ́ wọn lára. "Ọdún mẹ́sàn-án," wọ́n sọ, wọn ò wo ojú mi. "Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ ká wọlé, ìwọ lo dá wa padà sínú òjò." Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa.

Nígbà tí wọ́n fọ́ dẹ́kìn náà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni irin wà, bí bàbá ṣe sọ. Wọ́n tún un dà, wọ́n fi òpó méjì sí i, ó sì pé oṣù kan gbáko kí wọ́n tó yọ igi lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń kírun títí di òní. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi bi mí bóyá Jímọ̀ yẹn gan-an ni dẹ́kìn náà ì bá ti wó.

"Mi ò mọ̀, màmá."

"O ò mọ̀, o wá jẹ́ kí òjò pa mí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò lójú wọn.

N kò tíì mọ̀ ọ́n títí di ìsinsìnyí. Ilé tó bá wó a máa ní ẹlẹ́rìí púpọ̀. Èyí tí wọn ò jẹ́ kó wó kì í ní ẹlẹ́rìí kankan. Irú iṣẹ́ tí mo yàn nìyẹn, ó sì ti mọ́ mi lára kí wọ́n máa pè mí ní ojo. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń ṣe mí bíi kí n dákẹ́, kí n má ba ọjọ́ ayọ̀ ẹnì kan jẹ́, bàbá yẹn ni mo máa ń rántí, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn, tí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Èmi kàn mú ọ̀rọ̀ wá ni. Bàbá ló ṣe èyí tó le.