Faransé Bàbá Mi àti Oògùn Ìyá Mi

Òórùn àkàrà ló máa ń jí wa nílé wa ní Ifangni, nílẹ̀ Benin. Kí àwọn tó lọ kírun àsùbáà tó padà dé, ògì ti gbóná, bàbá mi á sì ti jókòó ti ìyá mi bí aṣọ́bodè tó mú ẹlẹ́rù. "Jẹ ẹ́ tán. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́." Á tún da wàrà alágolo sórí ògì náà. Ìgbà tí ìyá mi bá gbé ṣíbí ìkẹyìn mì ni bàbá mi máa ń fi oògùn funfun kékeré kan lé e lọ́wọ́.

Gẹ̀gẹ̀ ló fa oògùn yẹn. Ó yọ sí ìyá mi lọ́rùn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé e kúrò. Dókítà ní oògùn yìí ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ohun tí wọ́n gé ń ṣe nínú ara, láràárọ̀, títí ayé. Ó wá kọ bí wọn yóò ṣe máa lò ó sára páálí rẹ̀: "À jeun." Bàbá mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "À jeun, a jẹun! Ṣé ẹ rí i? Mo ti ń sọ fún yín pé inú Yorùbá ni Faransé ti jáde."

Ta ni yóò bá a jiyàn? Ẹnubodè Ìgólò ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń túmọ̀ Faransé fún àwọn oníṣòwò tó ń ti Ìdírókò bọ̀. "Bonjour, chef" ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, "pardon, chef" náà ń bẹ níbẹ̀. Èyí tó kù, ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́.

Ìyá mi jẹun o, ó jẹ ẹ́ sú. Ojú rẹ̀ wú, ohùn rẹ̀ ki bí ti ọkùnrin. Á wọ súwẹ́tà nínú oòrùn ọ̀sán, á sùn lọ nídìí gàrí tó ń tà, àwọn ewúrẹ́ á sì máa bá a jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò kú. Bí mo bá ti iléèwé dé, mo máa ń dúró wò ó bóyá ó ń mí kí n tó bọ́ báàgì. Bàbá mi ní oúnjẹ ló kéré, ó bá fi ẹyin kún un.

A padà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó wo èsì ẹ̀jẹ̀, ó mirí, ó bi bàbá mi bí wọ́n ṣe ń lo oògùn náà. Bàbá mi dìde fùú. "À jeun, Docteur! Toujours!" Ìgbà gbogbo ni, ló wí. Dókítà ní ó dára. Ó ti mú bíírò láti fi kún oògùn nígbà tí ìyá mi, tí kò gbọ́ Faransé kankan, bú sẹ́kún.

"Dókítà, ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi dín oúnjẹ yìí kù."

Ọmọ Kétu ni dókítà. "Oúnjẹ wo, Ìyá?"

Ìyá mi rò fún un. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú le. "Bàbá, à jeun, inú òfìfo ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bó bá ti jí, omi lásán ni kó fi gbé e mì, kó dúró tó wákàtí kan kó tó jẹun. Oúnjẹ àti wàrà yín ló ń dí oògùn náà lọ́nà. Bí ara rẹ̀ bá sì yá, ẹ má dá a dúró, ẹ má sì fi kún un fúnra yín."

Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Faransé Kútọnu nìyẹn," ló wí. "Ti Ìgólò yàtọ̀."

Díẹ̀díẹ̀ ni súwẹ́tà kúrò lára ìyá mi. Ohùn rẹ̀ padà, bàbá mi ló sì kọ́kọ́ fi bú. Orí mi wú lọ́jọ́ náà!

Mo ti di olùkọ́ Faransé ní Àjàṣẹ́ báyìí. Ohun tí wọ́n gé lọ́rùn ìyá mi, tèmi náà ti ń ṣe ọ̀lẹ, oògùn kan náà ni mò ń lò. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, àárọ̀ kan wà tí mo ti gbé ife kafé dé ẹnu kí n tó rántí. Bàbá àwọn ẹlòmíràn a máa bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Tèmi, ó ti darúgbó, a máa pè mí láràárọ̀ lórí fóònù: "O ò tíì jẹun, àbí?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó dáa. À jeun." Ó ń pè é dáadáa báyìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìyá mi, ohùn rẹ̀ ń ta bí agogo: "Bàbá Onífaransé, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, jẹ́ kó mu omi rẹ̀!"