Ìgbà Tí Mo Ń Bá Ìyá Àgbà Jíhìn

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé nínú agbo ilé bàbá mi ní Bẹyẹrúnkà, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́ láì tíì jíhìn ọjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè máa rò pé mò ń ṣàwàdà ni. Bí a bá ti kírun mọ̀gàríbì tán, ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, yóò jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, àwa ọmọ yóò sì tò síwájú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wa yóò sọ ohun tó ṣe láti ìgbà tó ti jí: omi tó pọn, ẹni tó rán an níṣẹ́, ibi tó yà sí kó tó délé, ọmọ tó bá jà. Bí o bá sọ pé o ti ilé kéú dé, tí o wá fo dé ìgbà tí ò ń lọ ata, Ìyá Àgbà á ní, "Àárín méjèèjì ńkọ́? Ṣé o kú síbẹ̀ ni?"

Ó ní málékà méjì ló wà léjìká ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí a bá fi ọjọ́ wa ṣe, wọn kì í sùn, wọn kì í sì í gbàgbé. Ẹni tó bá jíhìn irọ́, iná ọ̀run ni tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ka ìwé síta. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí bà mí ju àwọn ọmọ yòókù lọ. Bí wọ́n bá rán mi lọ sí Ọjà'ba, ńṣe ni mo máa ń rọra rìn kí èjìká mi má baà mì, kí n má lọ da tàdáwà tí àwọn málékà fi ń kọ̀wé nù.

Bí gbogbo wa bá jíhìn tán, òun náà á jíhìn tirẹ̀. Ọṣẹ dúdú ló ń tà lọ́jà kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. A á gbọ́ nípa ẹni tó ná ọṣẹ títí tí kò rà á, ẹni tó kí i, àti ẹni tó ṣe bí ẹni pé òun ò rí i. Kò jẹ́ fo ohunkóhun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà jíhìn pé òun lọ pọnmi ní odò Ògùnpa fún ìyá òun, pé òun ru ìkòkò náà dé Pópó Yemọja kó tó bọ́ lórí òun, tó fọ́. Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí látàárọ̀, èmi gan-an ni mo bu omi fún un mu. Ìyá rẹ̀ tó sì ń wí yẹn, wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ìyá Àgbà ti jíhìn irọ́. Mo wo èjìká rẹ̀ méjèèjì, níbi tí àwọn málékà ti ń kọ ọ́.

Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ó sì ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní ọjọ́ ogbó ni, kí a fi í sílẹ̀. Ìyá mi ní kí a ṣáà máa dá a lóhùn. Àwọn àgbà ò rí ohun tí èmi ń rí. Lójú tèmi, iná ni Ìyá Àgbà ń kó jọ fún ara rẹ̀ ní alaalẹ́, gbogbo ilé sì ń wò ó níran.

Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo dúró de àáfà wa nígbà tí àwọn ọmọ jáde ní ilé kéú. Ọkùnrin tó le ni, pàṣán kì í jìnnà sí i. Mo di wàláà, pátákó ìkọ̀wé mi, mú, mo ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, bí àgbàlagbà bá ń parọ́ tí wọn ò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn?"

Ó ní, "Ṣé ìyá bàbá rẹ ni?"

Mo ní òun ni.

"Fọkàn balẹ̀. Àwọn málékà ti gbé gègé tí wọ́n fi ń kọ̀wé kúrò lórí wọn. Wọn kì í kọ tẹni tó sùn títí tó fi jí, wọn kì í kọ tọmọdé títí tó fi bàlágà, wọn kì í sì í kọ tẹni tí làákàyè rẹ̀ lọ títí tó fi padà."

Mo ní, "Èmi náà ńkọ́?"

"Tìrẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Máa lọ sílé."

Ó rò pé òun ti tù mí nínú. Lóòótọ́, ẹ̀rù iná kúrò lára mi, ṣùgbọ́n èyí tó rọ́pò rẹ̀ burú jù ú lọ. Bí àwọn málékà bá ti gbé gègé wọn sókè, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń kọ ọjọ́ Ìyá Àgbà mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ò rántí, ọ̀run náà ò kọ ọ́. Ó lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kó sì dà bí ẹni pé kò sí láyé lọ́jọ́ náà. Omijé ni mo fi délé.

Mo délé, mo bá àpótí rẹ̀ lófìfo. Òjò ti ṣú dúdú. Àwọn kan ti sáré lọ wò ó ní Ọjà'ba nídìí àtẹ rẹ̀ àtijọ́, àwọn mìíràn gba ọ̀nà Bẹẹrẹ, kò sẹ́ni tó rí i. Mo di aṣọ bàbá mi mú. Mo ní, "Ògùnpa ni wọ́n lọ. Ṣebí wọ́n ń sọ fún wa ní gbogbo alẹ́."

 Bàbá mi gbá mi lọ́wọ́ mú, a sáré gba Pópó Yemọja, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ sì ti ń bọ́ lù wá lórí. Etí odò la ti bá a. Omi ti kún dé orúnkún rẹ̀, ó ń wọ́ ọ láṣọ, ó di korobá kan mú, ó ń wo ọ̀ọ́kán. Ó rí mi, ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́? Wá bá mi gbé e rù, ìyá mi ń retí mi." Mi ò tíì rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó ojú tó fi wò mí yẹn rí. Bàbá mi kó sínú omi pẹ̀lú agbádá lọ́rùn.

Nígbà tí a kírun tán lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ jíhìn. Wọ́n ní kí a máa jẹun. Mo gbé oúnjẹ mi sílẹ̀. Mo lọ jókòó ti Ìyá Àgbà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jíhìn tirẹ̀ fún un. Mo ní, "Lónìí, ẹ jí, ẹ kírun àsùbáà. Ẹ mu ẹ̀kọ, ẹ ní ó ti kan jù. Ẹ lé ewúrẹ́ jáde nínú yàrá. Ẹ lọ sí Ògùnpa, òjò pa yín, Bàbá wa sì pọ̀n yín wálé." Ó fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Nígbà tí mo parí, ó mi orí. Ó ní, "Obìnrin yẹn gbìyànjú."

Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un ní alaalẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ayé ti yí padà. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi iwájú agbo ilé wa ṣe báyìí, àwọn ọmọ mi wà l'Ékòó, àwọn mìíràn wà lókè òkun. Fóònù ló ń bá ènìyàn rántí nǹkan. Ọmọ-ọmọ mi kan kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ nínú tèmi, láti ìgbà náà ni mo ti ń jíhìn ọjọ́ mi sínú rẹ̀ ní alaalẹ́, torí pé kò sẹ́ni tó jókòó síwájú mi.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ èyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ ọ̀kan níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ohùn mi, tó ń sọ pé òun lọ kí ọ̀rẹ́ òun tó ń ṣàìsàn ní Mápó, pé àwọn jọ jẹ ẹ̀wà, àwọn sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Mi ò rántí ọjọ́ náà rárá. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ẹ bá pè mí, ẹ yéé bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ bi mí ní ohun tí mo ṣe láti àárọ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ dópin. Bí kò bá bára mu, ẹ tètè máa bọ̀ nílé.