Dòdò Ìkirè Tí Ìyá Àgbà Mú Ti Mọ́kà Bọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì ń fi ọwọ́ ẹ̀wù nu imú, èrò tèmi ni pé torí ọmọdé ni Ọlọ́run ṣe dá ìrìnàjò sáyé: kí àgbà lọ, kí ó sì mú nǹkan bọ̀. Pé àwọn èèyàn tún ń tìtorí òwò, òkú tàbí ẹjọ́ kúrò nílé, kò yé mi rárá. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló fi èrò yìí sí mi lórí. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Ará Ẹdẹ ni ìran wa, ṣùgbọ́n Ìlàrè ní Ilé-Ifẹ̀ ni ilé wa wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbéra lọ rajà ní Ìbàdàn, Èkó tàbí Kánò. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ń bọ̀, ohun kan á wà nínú ẹrù fún wa.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé òfin wà nígbà náà. Ọmọ tó bá la ẹnu bèèrè ohun tí wọ́n rà bọ̀ fún un ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀ nù. A óò dọ̀bálẹ̀, a óò kí wọn kú àbọ̀, a óò gba ẹrù, a óò bu omi tútù wá. Wọ́n á jẹun, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á kírun. Ní gbogbo àsìkò yìí, àpò náà á wà ní igun yàrá, àwa náà á wà lẹ́nu ọ̀nà, a óò máa ṣe bí ẹni pé ayò là ń ta. Ojúkòkòrò tèmi ló pọ̀ jù. Èmi tí wọ́n máa ń lé kiri kí n tó pọn omi, lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà bá ń bọ̀, màá pọn ọ́n títí àmù á fi kún àkúnwọ́sílẹ̀. Màá gbá àgbàlá wa, màá gbá ti ará ilé kejì mọ́ ọn. Ìyá Àgbà á wo ilẹ̀ náà, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ojoojúmọ́ ni kí n máa lọ sájò kí o lè máa ṣe bí ọmọ gidi?" Inú mi á dùn, torí mo rò pé ìyìn ni.

Láti Kánò, bàtà aláwọ ni wọ́n máa ń mú bọ̀, èyí tó máa ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́ bí omi bá ti wọ̀ ọ́. Láti Èkó, bísíkíìtì inú páànù. Bísíkíìtì yẹn kì í rí ọjọ́ kejì, páànù ló máa ń pẹ́. Wọ́n ti gbé wàrà ti Ìlọrin bọ̀ rí, ó kan kó tó délé, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí Ìyá Àgbà lọ, ohun kan kì í wọ́n nínú àpò wọn. Dòdò ni. Kì í ṣe dòdò tí gbogbo ilé ń dín o. Èyí dúdú, ó rí roboto, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ni wọ́n fi ṣe é, ata àti iyọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, epo pupa sì ń kán lára ewé tí wọ́n fi dì í. Bí wọ́n bá ti tú ewé yẹn, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹyọ méjì méjì ló máa ń kàn wá, màá sì lá ewé náà títí ewé á fi mọ́ ju bí wọ́n ṣe já a lóko.

Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ mọ̀ pé Ìkirè ni wọ́n ti ń ṣe dòdò yẹn, pé ibẹ̀ ni mọ́tò tó ti Ìbàdàn tàbí Èkó bọ̀ ń gbà, títí kan èyí tó ti Kánò gba Ìbàdàn wá, tí àwọn tó ń tà á á sì sáré gbé e bá èèyàn lójú títì. Èmi kò mọ̀. N kò tíì kọjá Ẹnuwá, iwájú ààfin Ifẹ̀, rí láìjẹ́ pé ẹnìkan di ọwọ́ mi mú. Mo gbà pé dòdò Kánò lèyí tó ti Kánò dé, dòdò Èkó lèyí tó ti Èkó dé. Mo tilẹ̀ máa ń là á yé Ràṣídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jù mí lọ díẹ̀, pé ti Kánò ta ju ti Èkó lọ.

Ọ̀ràn wá di ńlá lọ́dún tí Ìyá Àgbà lọ sí Mọ́kà. Nígbà tí wọ́n máa dé, Èkó ni ọkọ̀ òfúrufú já wọn sí, mọ́tò ló sì gbé wọn wọ Ifẹ̀. Eyín wúrà kan ti wọ ẹnu wọn, orúkọ wọn sì ti di Àlájà. Wọ́n mú dàbínù bọ̀, àti omi Sàmúsàmù nínú ike, àti tẹ̀súbáà fún olúkúlùkù wa, àti fìlà funfun kan tó bò mí lójú mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tú ewé kan, dòdò sì wà níbẹ̀.

Ara mi bù máṣọ. Bí dòdò Kánò bá lè dùn tó yẹn, èyí tó ti ilẹ̀ mímọ́ wá ti kọjá oúnjẹ. Mo jẹ ẹyọ kan, torí n kò lè mú un mọ́ra, mo sì fi ẹyọ kejì pamọ́ sínú agolo mílíìkì tó ti ṣófo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé agolo náà lọ sí ilé kéú.

Abẹ́ igi máńgòrò la ti ń ké kéú nígbà náà, wàláà lórí itan, pàṣán Ààfáà sì ń wò wá láti ara ògiri. Bí a bá ti kà á tán, a gbọ́dọ̀ fọ ọ̀rọ̀ tí a kọ sára wàláà kúrò, iṣẹ́ tí mo kórìíra ju omi pípọn lọ. Mo bá ṣí agolo fún àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo ní ẹni tó bá bá mi fọ wàláà, màá fi èékánná bù fún un lára dòdò Mọ́kà, kó lá a, kó sì tọrọ ohun tó bá wù ú lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n tò. Ọmọ kan ní inú tó ń run òun ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀rí yẹn kó sí mi lórí. Kò pẹ́ tí mo fi ń júwe àwọn obìnrin tó ń tà á fún wọn: pé ẹ̀gbẹ́ Káábà gan-an ni wọ́n jókòó sí, pé wọ́n fi ìbòrí funfun borí, pé wọn kì í tà fún ẹni tí kò bá ṣe àlùwàlá.

Ọ̀rọ̀ dé etí Ààfáà. Wọ́n pè mí síwájú, wọ́n ní kí n ṣí agolo. Wọ́n wò ó, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n bi mí níbi tí mo ti rí i. Mo ní Mọ́kà ni. Wọ́n ní Mọ́kà wo? Mo gbé àyà sókè, mo ní èyí tí a máa ń kọjú sí kírun. Ràṣídì, tó ti bá bàbá rẹ̀ dé Ìbàdàn rí, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ìkirè ni wọ́n ti rà á, Ààfáà. Mo mọ ibẹ̀." Ẹ̀rín tí Ààfáà rín lọ́jọ́ náà, fìlà bọ́ lórí wọn. Nígbà tí wọ́n rín in tán, wọn ò nà mí. Gbogbo wàláà ilé kéú ni wọ́n ní kí n fọ̀, títí kan ti ọmọ tí inú rẹ̀ ti san. Inú náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í run ún lójú ẹsẹ̀.

Mo sunkún délé. Kì í ṣe iṣẹ́ yẹn ló dùn mí. Lójú tèmi, Ìyá Àgbà ló tàn mí jẹ: wọ́n rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, wọ́n wá ra nǹkan mi ní ẹ̀yìnkùlé. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn, tòun ti ikun nímú. Wọn ò bínú. Wọ́n fi etí ìró nu imú mi, wọ́n ní, "Ní Mọ́kà, mo gbàdúrà fún ọ. Ní Ìkirè, mo rántí ẹnu rẹ." Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n lọ pọn omi. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, mo kàn mọ̀ pé omi wà láti pọn.

Fìlà Mọ́kà kò pẹ́ tí ewúrẹ́ fi jẹ ẹ́ lórí okùn tí a sá a sí. Tẹ̀súbáà já, mo fi èyí tó kù níbẹ̀ ta ayò. Èmi náà dàgbà, mo ṣiṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo kọ́lé sí Òkè-Ogbó ní Ifẹ̀ náà, mo sì di bàbá àgbà. Àmọ̀kẹ́, ọmọ ọmọbìnrin mi, ń gbé lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ìyá rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ṣáájú wọn lọ sí Kánádà. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin mi ní kí n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ òun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n pè mí pé ìwé tí Àmọ̀kẹ́ àti ìyá rẹ̀ máa fi wọ Kánádà ti jáde, pé bí mo bá ti dé báyìí, wọn ò ní pẹ́ lọ.

Ọkàn mi bàjẹ́. Ó yé mi pé èyí ló lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn tí n óò ti àjò dé tí ọmọ yẹn á wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo pinnu pé ohun tí n óò mú bọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní jẹ́ kó gbàgbé mi. Ojú ọmọkùnrin mi rí nǹkan, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù tí n kò wọ́ ọ dé. Mo ra bọ́ọ̀sì ìṣeré pupa alájà méjì. Mo ra ère aago gogoro ìlú wọn, èyí tí kò ga ju ìka lọ. Mo ra bọ́ọ̀lù gíláàsì kan tí yìnyín máa ń já bọ́ nínú rẹ̀ bí èèyàn bá mì ín. Nígbà tí ẹrù wúwo jù ní pápákọ̀, bàtà tuntun tí mo rà fún ara mi ni mo yọ sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè ráyè.

Láti Èkó, mọ́tò gbé mi dé Ìkirè, mo ní kí dẹ́rẹ́bà dúró kí n ra dòdò fún Àmọ̀kẹ́. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí báyìí. Mo ra ìdì méjì. Ẹ rántí pé oṣù mẹ́ta ni mo fi jẹ ọ̀dùnkún tí kò mọ ata. Mo ní kí n tọ́ ẹyọ kan wò, bóyá ó máa ta jù fún ọmọdé. Kò dá mi lójú, mo tọ́ òmíràn wò. Nígbà tí a dé Gbọ̀ngán, ìdì kan ti tán. Ní Ìpetumodù, mo ti ń fi ìka nu inú ọ̀rá kejì.

Àmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ kí mi, ó gba àpò lọ́wọ́ mi. N kò wẹ̀, n kò jẹun, èmi àgbàlagbà ni mo rú òfin Ìyá Àgbà: ní bárándà gan-an ni mo ti tú ẹrù. Ọmọ náà wo bọ́ọ̀sì, ó wo aago, ó mi bọ́ọ̀lù gíláàsì. Ó ní ẹ ṣé, Bàbá Àgbà, pé òun ti rí gbogbo rẹ̀ lórí fóònù mọ́mì òun. Ó tò wọ́n sórí tábìlì dáadáa, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó wá padà sídìí àpò mi, ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo máa ń fi dòdò sí bí mo bá ti Ìbàdàn bọ̀. Ó wá a títí. Ó gbójú sókè.

"Bàbá Àgbà, ṣé ẹ ò gba Ìkirè kọjá ni?"

Mo ṣì ń wá irọ́ tí mo máa pa nígbà tí ìyàwó mi dá a lóhùn. Ó ní, "Wọ́n gba ibẹ̀ kọjá. Wo àyà ẹ̀wù wọn." Epo pupa ti kán sí i láti ọrùn dé ìdodo.

Ojú tì mí gan-an. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbà sọ fún mi nígbà tí mò ń sunkún wàláà, ibẹ̀ ló ti yé mi. Ní Ìkirè, àwọn rántí ẹnu mi. Ní Ìkirè, èmi rántí ẹnu ara mi.

Nígbà tí ọjọ́ ìrìnàjò wọn kò, mo sìn wọ́n dé Èkó. Àpótí Àmọ̀kẹ́ ti kún, ó ní kí n bá òun tọ́jú bọ́ọ̀lù gíláàsì sílé kó má baà fọ́. A dé Ìkirè, mo ra ìdì méjì fún un, n kò sì tọ́ ọ wò. Ó wò mí, ó mú ọ̀kan, ó fún mi, ó ní tèmi nìyẹn, kí n má fọwọ́ kan ti òun. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò, ṣùgbọ́n omi ti dé ojú mi. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mọ́tò tún dúró ní Ìkirè. Mo ti sanwó kí n tó rántí pé kò sí ẹni tí mò ń rà á fún. Mo gbé e lé itan, ó sì délé láìtú. Ìyàwó mi wo ìdì náà, ó sì wo àyà ẹ̀wù mi.

Nígbà tiwa, àgbà ló ń lọ sájò, ọmọdé ló ń gbálẹ̀ dè é. Ní báyìí, àwọn ọmọ ló lọ, àwa àgbà ló ń gbálẹ̀. Bọ́ọ̀lù gíláàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Bí iná bá lọ tí ooru mú, mo máa ń mì ín, màá máa wo yìnyín tí Àmọ̀kẹ́ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́sí tó pè, ó ní wọ́n ń gbèrò àtiwá kí wa bí ilé ìwé bá gba ìsinmi, ó sì bi mí ní ohun tí òun máa rà bọ̀ fún mi. Mo rántí òfin, pé ẹni tó bá bèèrè ti sọ tirẹ̀ nù. Mo ní kó má ra nǹkan kan.

Mo ní, "Ìwọ ṣáà gba Ìkirè kọjá."